Ẹ̀rọ Ìrànwọ́ Nínú Kíláàsì: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Iṣẹ́ Ti Há Mọ́ Ọmọ Lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń rà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń parí sí. Ẹ̀rọ náà lè dára o, àmọ́ wọ́n ti rà á kí wọ́n tó béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ fi ṣe. Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta wo ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó mú ohunkóhun jáde, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. "Ojú rẹ̀ ò dáa" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Ìlà mẹ́ta péré ló rí dà kọ láti ojú pátákó nínú ogún ìṣẹ́jú" wúlò, torí ó ti sọ ohun tí ẹ ń wá: ọ̀nà tí ohun tó wà lójú pátákó á fi dé iwájú ọmọ. Ìyẹn lè jẹ́ fóònù tí yóò fi ya pátákó náà. Ó sì lè jẹ́ bébà tí ẹ tẹ̀ fún un kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ kankan.

Joy Zabala, ará Amẹ́ríkà tó gbé ìlànà SETT kalẹ̀ fún yíyan ẹ̀rọ ìrànwọ́, tò ó báyìí: akẹ́kọ̀ọ́, àyíká rẹ̀, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe, irinṣẹ́ ló kẹ́yìn. Tí ẹ bá ti dé orí irinṣẹ́, iṣẹ́ kan àti irinṣẹ́ kan ni kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì dán wò. Ẹ ka iye tí ọmọ ń ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un kà lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ yẹ bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ náà wò kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ọmọ tí kò ríran

NVDA ń ka ojú kọ̀ǹpútà Windows sókè, ọ̀fẹ́ sì ni. Fún irú iṣẹ́ kan náà, TalkBack wà nínú fóònù Android, VoiceOver wà nínú iPhone. Ohun kan máa ń dẹ́rù ba olùkọ́ tí kò tíì lo TalkBack rí: tí ẹ bá ti tàn án, ẹ fọwọ́ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣí, orúkọ rẹ̀ ló máa pè. Ẹ̀ẹ̀mejì léraléra lẹ máa tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣí, ìka méjì lẹ sì máa fi yí ojú ìwé. Fóònù náà ò bàjẹ́. Ẹ lọ sínú Settings, lábẹ́ Accessibility, kí ẹ fún un ní ọ̀nà àbùjá: ẹ di bọ́tìnnì ohùn méjèèjì mú fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, á tàn, á sì kú.

Ìwé tí ẹ fún ọmọ gan-an ni wàhálà ti ń wá jù. Tí ẹ bá fi fóònù ya ojú ìwé tí ẹ sọ ọ́ di PDF, fọ́tò ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tó ń kàwé á dákẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ fi máòsì fa orí ọ̀rọ̀ kan. Bí àwọ̀ kò bá bo ọ̀rọ̀ náà, ẹ lo OCR, ètò tó ń dá lẹ́tà mọ̀ nínú fọ́tò, láti yí i padà sí ọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi ojú ara yín ka ohun tó jáde. Nínú ìwé Yorùbá, àmì orí àti àmì abẹ́ ló máa ń sọnù jù: "ọkọ̀" á di "oko", odindi gbólóhùn á sì yí padà. Nínú ìṣirò, òdo àti lẹ́tà O, ení àti lẹ́tà l kékeré ló máa ń wọnú ara wọn.

Tí ẹ bá ń tẹ ìwé nínú Word, ẹ lo Heading fún àkọlé. Bí ẹ bá kàn mú ọ̀rọ̀ náà tóbi tí ẹ sì mú un dúdú, ojú ló rí i, NVDA ò mọ̀ pé àkọlé ni. Tí Heading bá wà níbẹ̀, ọmọ lè máa fi bọ́tìnnì H fò láti àkọlé dé àkọlé nígbà tí NVDA bá wà ní browse mode, ìyẹn ipò tó fi ń ka ìwé, kì í ṣe èyí tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà ńkọ́? Ẹ kọ ohun tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà nílò sábẹ́ rẹ̀. "Àwòrán ọkàn" kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. "Ẹ̀jẹ̀ wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún, ó sọ̀kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, ó gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró": ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ohùn kò lè rọ́pò Braille, ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà, o. Etí kì í kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Tí ọmọ bá ń fi síléètì àti abẹ́rẹ́ ìkọ̀wé gún Braille, ọ̀tún sí òsì ló máa kọ ọ́, torí ẹ̀yìn bébà ló ti ń gún un. Tó bá yí bébà náà padà, á fi ìka kà á láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ má ṣe "tún un ṣe" fún un. Bébà tó nípọn ni kí ẹ lò, àwọn àmì tó yọ sókè kì í pẹ́ di pẹlẹbẹ lórí bébà lásán.

Ọmọ tó ṣì ríran díẹ̀, ẹ tẹ ìwé rẹ̀ ní ìwọ̀n lẹ́tà 18 sí 24, kí ìlà jìnnà síra. Lórí kọ̀ǹpútà, Windows pẹ̀lú + á mú ojú rẹ̀ tóbi. Tó bá tóbi jù, ọmọ á sọnù láàárín ìlà, nítorí náà ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ sọ ibi tó tó. Ẹ má fi í sí ibi tí fèrèsé á ti máa tàn sí i lójú.

Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa

Gbogbo ohùn ni ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń gbé ga: ti olùkọ́, ti àga tí wọ́n ń wọ́, ti fáànù. Bí ẹ bá ti jìnnà sí ọmọ ju nǹkan bíi mítà méjì lọ, ariwo kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ máìkì aláìlókùn nìyẹn. Ó ń gba ohùn lẹ́nu yín, ó sì ń gbé e lọ tààrà sínú ẹ̀rọ etí ọmọ, kódà tí ẹ bá wà lẹ́yìn kíláàsì.

Ẹ fi kọ́ àyà, ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sísàlẹ̀ ẹnu. Ẹ yọ ẹ̀gbà ọrùn tó bá ń kàn án, tàbí kí ọmọ máa gbọ́ "ha-ha-ha" títí ẹ̀kọ́ á fi parí. Tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bá ń dáhùn, ẹ gbé máìkì fún un, tàbí kí ẹ tún ìdáhùn náà sọ. Tí ẹ bá ń bá ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ pa máìkì náà: ọmọ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete.

Láràárọ̀, ẹ fi bébà bo ẹnu yín kí ẹ sì pe ohùn mẹ́fà yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ máa pè é tẹ̀ lé yín: a, u, i, ṣ, s, m. Ẹ má tò ó bákan náà lójoojúmọ́. "s" àti "ṣ" ń dán ohùn tó ga wò, "m" àti "u" ń dán èyí tó wà nísàlẹ̀ wò. Bí kò bá gbọ́ ọ̀kankan, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wò bóyá epo etí ti dí ihò tí ohùn ń gbà jáde lára ẹ̀rọ náà. Bátìrì zinc-air, èyí tó ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́, ní bébà kékeré lẹ́yìn. Tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó fi í sí i. Láti ìgbà náà ló ti ń kú lọ, ẹ lò ó, ẹ ò lò ó. Bí ẹ̀rọ bá ń súfèé, ó ṣeé ṣe kí ihò etí ọmọ ti tóbi ju ohun tí wọ́n fi dí i lọ: ẹ sọ fún àwọn òbí rẹ̀.

Áápù tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di kíkọ, bíi Live Transcribe, ń ṣèrànwọ́ fún ọmọ tó mọ̀wé kà dáadáa. Fún ọmọ tó ń lo èdè àwọn adití, kò lè gba ipò ògbufọ̀.

Ọmọ tí kò lè fọhùn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bébà. Ẹ ya àpótí 12 sí i, ọ̀rọ̀ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ á máa tọ́ka sí láti fi sọ̀rọ̀: mo fẹ́, mi ò fẹ́, tún un ṣe, dúró, ràn mí lọ́wọ́, kí ni, níbo àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń fi orúkọ oúnjẹ kún gbogbo rẹ̀, ọmọ ò sì ní lè ṣe ju pé kó tọrọ oúnjẹ. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni kí ẹ̀yin náà máa fi ìka tọ́ka sí i. Tí ẹ bá béèrè nǹkan, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú kí ẹ tó tún un béèrè. Ẹ má ṣe sún àpótí kankan kúrò ní ipò rẹ̀, kódà tí ẹ bá gbé e lọ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì: ìka ọmọ ti mọ ibẹ̀. Bébà náà ṣì gbọ́dọ̀ wà nítòsí nígbà tí bátìrì bá kú. Ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi jẹ ẹ́ níyà, ẹnu rẹ̀ lẹ gbà yẹn.

Ọwọ́, àti ìwé kíkà tó ń ṣòro

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tábìlì àti àga rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, kí ìgúnpá rẹ̀ sinmi. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Shift lẹ́ẹ̀márùn-ún lórí Windows, ẹ tẹ Yes sí ìbéèrè tó bá jáde, Sticky Keys á tàn, ọmọ á sì lè máa tẹ bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò méjì papọ̀. Bí ìka rẹ̀ bá ń pẹ́ jù lórí bọ́tìnnì, Filter Keys, tí kì í jẹ́ kí lẹ́tà kan máa tún ara rẹ̀ tẹ̀, ni kí ẹ lò. Fún ọmọ tí lẹ́tà ń dàrú lójú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ka ìwé fún un bó ṣe ń fi ojú tẹ̀ lé e, kó lo íápíìsì, kí ẹ̀rọ náà sì máa rọra kà.

Ohun tí ọmọ kò bá lò ní kíláàsì, ẹ má gbé e wá lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ yan akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí á máa rí sí i pé wọ́n ń cháàjì ẹ̀rọ. Ẹ fi káàdì kan sínú àpò ẹ̀rọ náà fún olùkọ́ tó bá gba ipò yín lọ́jọ́ kan: bí wọ́n ṣe ń tàn án, ibi tí máìkì ń wà, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bó bá dákẹ́.