Bí olórí ṣe lè rí ìpàkọ́ ara rẹ̀

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń bá wa rí tiwa. Lọ́dún 1955, Joseph Luft àti Harrington Ingham, àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ya ohun tó jọ èyí sínú àpótí alápá mẹ́rin. Apá kan ni ohun tí èmi àti àwọn èèyàn jọ mọ̀ nípa mi. Òmíràn ni ohun tí èmi nìkan mọ̀ tí mo fi pamọ́. Ìkẹta ni ohun tí àwọn èèyàn ń rí lára mi tí èmi ò rí, ìkẹrin sì ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀.

Apá kẹta yìí ló ń pa olórí lára jù. Bí ipò èèyàn bá ṣe ń ga sí i ni iye ẹni tó lè wò ó lójú kó sọ òótọ́ fún un ń dín kù. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ kóòṣì, ìyẹn ẹni tó ń fi ìbéèrè àti àkíyèsí ran olórí lọ́wọ́ kó lè ṣe dáadáa sí i, kò ju pé kó bá èèyàn mú apá yẹn kéré lọ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìní kóòṣì kankan.

1. Ẹ wo ara yín, ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe

Timothy Gallwey, olùkọ́ tẹ́níìsì ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé bí àṣẹ bá ti pọ̀ jù lórí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ara rẹ̀ á le gbagidi. Ló bá ní kí wọ́n kàn máa wo bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa sọ ọ́ jáde nígbà tó bá balẹ̀ àti nígbà tí wọ́n bá gbá a. Ọwọ́ wọn sì ń dán sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí àwọn kóòṣì ibi iṣẹ́ ń lò ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ mú ìwà kan ṣoṣo, bíi jíjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa fa ìlà kan sí etí ìwé nígbàkigbà tí ẹ bá ṣe é nípàdé. Iye ìlà yẹn nìkan tó ìwàásù.

2. Ẹ béèrè ohun kan pàtó

"Báwo lẹ ṣe rí mi sí?" ò wúlò. "Kò sí wàhálà, sà" lèsì rẹ̀, ẹ ó sì máa yọ ayọ̀ tí kò nídìí lọ sílé. Ẹ dárúkọ ọjọ́, ẹ dárúkọ ìṣẹ̀lẹ̀: "Nípàdé àná, kí ni mo ṣe tó mú kó ṣòro fún ọ láti sọ tọkàn rẹ?"

Ẹ má bèèrè níwájú èrò. Ẹ má sì bèèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga ẹni náà ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ó dáa kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹgbẹ́ yín, tàbí ẹni tó ti kúrò lábẹ́ yín, nítorí kò sóhun tó ń bà á lẹ́rù mọ́. Ẹni tó ṣì wà lábẹ́ yín ò ní sọ pé ẹ máa ń kanra. Á ní, "Lọ́jọ́ yẹn, ó jọ pé ó ti rẹ̀ yín díẹ̀, sà." Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, inú yín ló yẹ kó ti di odidi. Bí ẹ bá bi ẹni mẹ́ta tí gbogbo wọn ń wolẹ̀, wọ́n ti dáhùn nìyẹn.

Lójú tèmi, ibí ni ọ̀pọ̀ olórí ti ń sá. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti lọ jókòó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ju kí wọ́n bi akọ̀wé wọn ní ìbéèrè kan lọ.

3. Ẹ gbọ́, ẹ má rojọ́

Gbólóhùn méjì lẹ nílò: "O ṣé" àti "Sọ sí i." Ní kété tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ṣe é, ilẹ̀kùn ti tì. Bí inú bá ń ru yín, ẹ pe ohun tó ń ṣe yín lórúkọ nínú ọkàn yín: "Inú ń bí mi" tàbí "Ojú ń tì mí." Nínú ìwádìí tí Matthew Lieberman, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2007, nígbà tí àwọn èèyàn fi ọ̀rọ̀ pe ìmọ̀lára tó hàn lójú ẹni inú fọ́tò, apá ọpọlọ tó máa ń ta gìrì sí ewu rọlẹ̀.

4. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ sọ ọ́ síta

Kó kéré, kó ṣeé rí. "Màá di olórí tó dáa" kọ́. "Ẹni mẹ́ta á ti sọ̀rọ̀ kí n tó sọ tèmi" ló yẹ. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gbà kí wọ́n rán yín létí. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà lọ bi àwọn tí ẹ bi tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní "ó ti dáa báyìí" tí wọn ò lè tọ́ka sí ọjọ́ kan, ẹ wá ẹlòmíràn bi.

5. Ẹ máa kọ ìpinnu yín sílẹ̀

Ti ìpinnu ò rí bíi ti ìwà, torí kò sẹ́ni tó rí ohun tó wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ ń ṣe é. Ìmọ̀ràn Peter Drucker, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé nípa bí a ṣe ń darí iṣẹ́, ni pé, bí èèyàn bá ṣe ìpinnu ńlá, kó kọ ohun tó retí sílẹ̀, kó sì wò ó lẹ́yìn oṣù 9 sí 12. Ẹ kọ déètì sí i, torí ọkàn a máa yí ìtàn padà lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́. Bí ìwé yín bá ń fi hàn léraléra pé ẹ̀ ń fojú kéré àkókò tí iṣẹ́ ń gbà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá yín dá ọjọ́ tí iṣẹ́ á parí.