Fáọ̀lù márùn-ún ti pé: ta ló jáde, ta ni wọ́n lé jáde?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, nínú eré bọ́ọ̀lù agbọ̀n (basketball) wa, fáọ̀lù karùn-ún ni wọ́n fi yọ ọmọ wa tó ga jù kúrò lórí pápá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà la máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé wọn ò rẹ́ wa jẹ báyìí?

Ìdáhùn: Rárá o. NBA, líìgì Amẹ́ríkà, lẹ ń wò: ìṣẹ́jú 12 ni kọ́tà tiwọn (ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin eré), fáọ̀lù 6 sì ni wọ́n fi ń yọ èèyàn. Òfin FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n àgbáyé, là ń lò ní Nàìjíríà, òun náà ni ti Òlíńpíìkì: kọ́tà oníṣẹ́jú 10, fáọ̀lù 5. Wọn kì í pa á rẹ́ tí ẹ bá lọ sinmi, kódà bí eré bá wọ àfikún àsìkò.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n mẹ́rin péré lẹni tó ń kọ ọ́ fún wa kọ. Níbo ni ìkarùn-ún ti wá?

Ìdáhùn: Mo ti jókòó sídìí tábìlì akọ̀wé dáadáa, ibi kan náà ni wàhálà yìí ti sábà máa ń wá: technical, ìyẹn fáọ̀lù ìwà tí kò dáa. Ọmọ bínú, ó la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, rẹfirí fọwọ́ méjèèjì ṣe T, gbogbo yín sì ń wo ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí kọ ọ́. Ní NBA, technical kì í sí lára fáọ̀lù 6 yẹn. Ní FIBA, ó wà lára 5. Àpótí kékeré márùn-ún ló wà níwájú orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé: P fún fáọ̀lù lásán, T fún technical, U fún èyí tó burú tí kò bá eré mu. Tí márààrún bá ti kún, ó parí. Ìwé tábìlì ló lẹ́nu, kì í ṣe tiyín. Nítorí náà, ẹ máa wo nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé sókè lẹ́yìn fáọ̀lù kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Àwọn alátakò ní kó kúrò lórí bẹ́ńṣì wa, kó jáde síta. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Ẹni tó pé márùn-ún lè jókòó, kó máa pàtẹ́wọ́ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé ló ń lọ sí yàrá ìmúra tàbí kó fi ilé eré sílẹ̀: ẹni tó gba T méjì, U méjì, ọ̀kan nínú ìkọ̀ọ̀kan, tàbí tó hùwà ipá gidi. Àmọ́ kí ọmọ yín má bú rẹfirí láti orí bẹ́ńṣì o, kóòṣì ni wọ́n máa kọ technical yẹn sí lọ́rùn.

Ìbéèrè: A ò ní ẹlòmíì tó máa wọlé ńkọ́?

Ìdáhùn: Tí ẹ bá ní, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lẹ ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹ ò bá ní, ẹ̀yin mẹ́rin tó kù ẹ máa bá a lọ. Ó di ìgbà tó bá ku ẹnì kan ṣoṣo lórí pápá kí ẹ tó pàdánù eré.