Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Níbi Àjọ̀dún Orin Àtijọ́ ní Ìlú York

Láti ọdún 1977 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní York, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ooru bá mú ní oṣù Keje. Inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ eré náà ti ń wáyé, títí kan York Minster àti St Margaret ní Walmgate, tí wọ́n sọ di ilé orin àtijọ́ ní ọdún 2000.

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó burú jù ni kí ènìyàn gbé fèrè rẹ̀ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láì kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n ohùn tí wọn yóò lò. Lóde òní, 440 Hertz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni a sábà máa ń fi ohùn A, tí àwọn olórin fi ń tún ohùn ara wọn ṣe, sí, ṣùgbọ́n àwọn olórin àtijọ́ a máa fi sí 415 fún ọ̀pọ̀ orin ìgbà ayé Bach, ọmọ Jámánì tí ó ń kọ orin sílẹ̀, wọn a sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 392 fún àwọn orin ilẹ̀ Faransé kan. Láti 440 sí 415 kò ju bọ́tìnì dùùrù kan sí èyí tí ó tẹ̀ lé e lọ, síbẹ̀ ó tó láti ba gbogbo orin jẹ́. Onífayolíìnì lè dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n ti lu ihò sí kò ṣe é dẹ̀, nítorí náà onífèrè tí kò béèrè yóò kàn jókòó máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé harpsichord (irú dùùrù àtijọ́ kan) tí ẹ bá níbẹ̀ pé ẹ ó sún bọ́tìnì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè bá tiyín mu, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ṣe lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó wá gbọ́ orin náà ní tiwọn. Bí olórin bá dúró láàárín orin méjì tí ó ń yí okùn láti tún ohùn rẹ̀ ṣe, àwọn kan a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ etí ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe irú okùn bẹ́ẹ̀, èémí àwọn èrò inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan sì tó láti yí ohùn rẹ̀ padà. Ẹni tí ó bá ti rí onísákárà tí ó ń sá awọ ìlù rẹ̀ sóòrùn kí òde tó bẹ̀rẹ̀ kò yẹ kí ó máa kùn sí i.

Ẹ má fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan lọ, nítorí òkúta ṣọ́ọ̀ṣì a máa tutù nínú ooru pàápàá. Kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì tí ó pọ́ọ́kú, ẹ béèrè bóyá ẹ̀yìn òpó ni ìjókòó náà wà.