Bí mo ṣe fi kayak fò láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ onípátákó

Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n jókòó sínú kayak, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi kékeré tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, kí n yọ̀ wá láti òkè, kí n fò lófuurufú kí n tó balẹ̀ sómi. Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ṣe é.

Omi la kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe pátákó. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo jù ú síbi tí ọkọ̀ máa balẹ̀ sí: ó ju mítà 3 lọ. Mo tún mòòkùn lọ síbẹ̀, mo fọwọ́ wá a bóyá kùkùté tàbí àpáta wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù èyí, kó má wulẹ̀ kan ìṣó kankan.

Ẹ̀yìn náà la wá ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà: a to igi, a kan plywood lé e, a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí rẹ̀, a wá da omi ọṣẹ sí i. Ìparí rẹ̀ ló gbà wá lákòókò jù. Tó bá dorí kodò jù, imú ọkọ̀ á gún omi wọ ìsàlẹ̀ lọ. Tó bá yọrí sókè jù, ọkọ̀ á balẹ̀ pẹrẹsẹ. A gbé e sókè díẹ̀ báyìí, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

Mo dé akoto, mo wọ ẹ̀wù ìléfòó, mo fa aṣọ ìbàdí, èyí tí kì í jẹ́ kómi wọnú ọkọ̀, bo ẹnu ọkọ̀. Mo rí i dájú pé okùn ìfàyọ rẹ̀ wà níta níwájú mi, torí òun ni mo máa fà kí n lè jáde bí ọkọ̀ bá dojú dé tí mi ò sì lè yí i padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ń dúró nínú kayak tirẹ̀ lẹ́bàá ibi ìbalẹ̀. Èkejì di ìdí ọkọ̀ mi mú títí mo fi ní kó jù ú sílẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ dùn mí. Mo jókòó ṣánṣán, mo fẹ̀yìn ti àga, ọkọ̀ sì lu omi gbàà! Mo gbọ́ ọ láti ìdí dé ọrùn. Omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ le. Kò dà bí ibi tí omi ti ń já bọ́ lórí àpáta, tó ń hó, tí afẹ́fẹ́ ti mú un rọ̀. Mo sinmi fún bí ìdajì wákàtí kí n tó padà gùn ún.

Lẹ́ẹ̀kejì, bí imú ọkọ̀ ṣe kúrò lórí pátákó báyìí ni mo tẹ̀ síwájú, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọkọ̀, mo sì fi àjẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà gbá mi lẹ́nu. Imú ọkọ̀ la omi bí ọ̀bẹ, omi bò mí lójú, ọkọ̀ ta padà sókè. Mo pariwo ayọ̀!

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo yí orí àti èjìká sósì kí ọkọ̀ tó kúrò lórí pátákó. Ó yí ìdajì lófuurufú, ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ omi. Kí n tó nu ojú tán, ọ̀rẹ́ mi ti ń wọ́ kayak tirẹ̀ gòkè lọ.