Ẹ yéé wá iye ará Kubwa kiri
Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣe ìwádìí l'Ábújá àti Zaria, ẹ má fọjọ́ ṣòfò lórí iye ènìyàn tó ń gbé àdúgbò yín gan-an, bíi Kubwa l'Ábújá. Tí wọ́n bá ti ju 20,000 lọ, ẹni 400 tó láti bi ní ìbéèrè, bí àṣìṣe 5% (kí èsì yín fi bẹ́ẹ̀ ju òótọ́ lọ tàbí kó dín sí i) bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ wo ìṣirò Yamane, tí wọ́n fi ń mọ iye ẹni tó yẹ ká bi: ẹ fi 0.0025 (ìyẹn 0.05 lọ́nà 0.05) sọ iye ará àdúgbò di púpọ̀, ẹ fi 1 kún un, kí ẹ wá fi èsì yẹn pín iye wọn. Ẹni 2,000 á fún yín ní 334; 20,000 á fún yín ní 393; mílíọ̀nù kan á fún yín ní 400 péré. Kò gbéra mọ́ nìyẹn. Ẹ kúkú pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè 445, torí àwọn kan ò ní dá a padà. Kèké ni kí ẹ ṣẹ́ láti mú ilé o, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lẹ́nu ọjà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Abaji wé Bwari, 400 yẹn ò ní tó: ìlú kọ̀ọ̀kan ló máa ní iye tirẹ̀.