Ẹ Gbé Agolo Fóòmù Yẹn Sílẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Fèrèsé Onígíláàsì Ẹyọ Kan

Òtútù ti dé, fóònù mi kò sì jẹ́ kí n sinmi. Káfíńtà ni mí ní gúúsù London. Fèrèsé onígi àtijọ́ tí à ń tì sókè, tí wọ́n ń pè ní sash, ni mo fi ń jẹun. Ooru tó ń gba ara gíláàsì ẹyọ kan sá lọ tó ìlọ́po mẹ́ta ti gíláàsì onípele méjì òde òní. Mo mọ̀ pé owó hítà ń dùn yín. Owó tí ẹ ń fi ṣòfò ló ń dun èmi. Àwọn àṣìṣe tí mò ń rí nìyí:

1. Kí ẹ sáré ra nǹkan láì mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ fi omi ra ọwọ́, ẹ gbé e yí etí férémù ká. Ibi tó bá tutù lójijì ni iṣẹ́ wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń tẹ̀ mọ́ etí igi láti dí àlàfo ti tó.

2. Kí ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ férémù ẹlẹ́gbin. Ọ̀rá tí à ń fi dráyà irun mú le yẹn dára, kò sì wọ́n. Àmọ́ èmi tí mò ń pariwo yìí, ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, igi tí òróró bò ní kíṣìnì ni mo lẹ tèmi mọ́. Láago méjì òru, ó já gbàà! Ọmọ odó ni mo gbé dání jáde, mo rò pé olè ni. Ìyàwó mi kò tíì yéé rẹ́rìn-ín.

3. Kọ́tíìnì tó bo rédíétọ̀, irin tó ń mú yàrá gbóná: gíláàsì lẹ ń yáná fún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ fóòmù, èyí tí wọ́n ń fún láti inú agolo láti dí ihò, tó sì máa ń wú. Àpótí igi tó wà lọ́tùn-ún lósì fèrèsé yẹn kì í ṣe ihò lásán o. Irin wúwo tí okùn so mọ́ fèrèsé ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń bá yín gbé e sókè. Bí fóòmù bá wọ ibẹ̀, tó wú, tó le, irin há, ó parí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Peckham, ní gúúsù London níbí, pè mí: "Àbúrò, fèrèsé yàrá wa ò ṣí mọ́." Agolo mẹ́fà ni wọ́n ti fún sínú rẹ̀! Ọjọ́ méjì ni mo fi họ ọ́ kúrò. Owó tí wọ́n san fún mi ì bá ra búrọ́ọ̀ṣì fún gbogbo ilé. Inú yàrá tí wọ́n dí pa yẹn ni wọ́n tún ń sá aṣọ sí. Kíṣìnì ńkọ́? Wọ́n ti dí ìyẹn náà, kí aládùúgbò má baà gbọ́ òórùn ata díndín. Omi aṣọ àti ooru ìkòkò kò ríbi gbà jáde, ó ń ṣàn lára ògiri, èbu dúdú sì gun un dé àjà. Mo ní bí iná bá sọ lóru, fèrèsé wo ni ẹ máa gbà jáde? Wọ́n wolẹ̀.

Mi ò mọ nọ́mbà tí mo dé mọ́. Ihò atẹ́gùn tó wà lára ògiri nítorí ẹ̀rọ gáàsì, ẹ má dí i láéláé. Èéfín olóró tí ẹ̀rọ náà lè tú sílé kò ní òórùn. Bí ẹ bá fẹ́ fi gíláàsì kejì sí ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́, àlàfo bíi mílímítà 20 tó fún òtútù; ariwo mọ́tò ló ń fẹ́ 100. Ayálégbé, ẹ kọ́kọ́ bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mò ń kó irinṣẹ́ mi ní Peckham, ẹ̀gbọ́n gbé agolo kan jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ṣì ku díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní, ṣé kò ní wúlò fún fèrèsé balùwẹ̀?