Bí A Ṣe Ń Fi Ìkòkò Préṣọ̀ Se Ẹ̀wà Tí Kò Fi Ní Bú Mọ́ni Lójú

Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dà á sínú ìkòkò. Ìyẹn kò gba àlàyé. Ìdérí ló mú mi jókòó kọ èyí, nítorí mo ti fojú mi rí ohun tí ìdérí tí a fipá ṣí lè ṣe.

Ẹ̀wà àti omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìlàjì ìkòkò. Ẹsẹ̀ màlúù tàbí ṣàkì lè dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ń wú, ó sì ń hó bí ọṣẹ. Ìhó yẹn ló ń gbé èèpo lọ dí ihò tó yẹ kí oru gbà jáde. Nínú ìkòkò lítà 7, mi ò kì í se ju ìlàjì kóńgò lọ. Ṣíbí òróró kan máa ń mú kí ìhó náà rọlẹ̀. Epo pupa náà ṣe é.

Kí ẹ tó dé e, ẹ gbé ìdérí sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ yọjú wo ihò rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀, ẹ má gbé e kaná. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ti tó láti fi gún un mọ́. Ẹ fọwọ́ tẹ rọ́bà etí ìdérí wò. Bó bá ti gan tàbí tó ti ń sán, ẹ ra òmíràn lọ́jà. Mo ti rí ẹni tó gé tíúbù kẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀, ó sì ń jò láti ìgbà tó ti kaná.

Ohun kékeré kan tún wà lórí ìdérí tó jẹ́ pé, bí ihò àkọ́kọ́ bá dí, òun ló máa fò yọ kí oru lè rọ́nà lọ. Bí tiyín bá ti yọ, ẹ wá irú rẹ̀ gan-an. Àwọn kan á gbé e lọ bá wẹ́dà kó bá wọn fi bóòtù dí i. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe é. Denis Papin, ará Faransé tó gbé irú ìkòkò yìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1679, ti fi ibi tí oru lè gbà sá jáde sí tirẹ̀ láti ìgbà náà.

Bí irin orí ìdérí, èyí tó jókòó lé ihò oru, bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, ẹ dín iná kù. Ìṣẹ́jú 20 sí 25 tó ẹ̀wà tí a kò rẹ. Fóònù ni mo fi ń ṣọ́ àkókò, mi ò sì í kúrò nílé ìdáná.

Ó wá di ṣíṣí. Ẹ pa iná, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ ti pa ohun tó wà nínú ìkòkò. Nínú ìkòkò lásán, omi kì í gbóná kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá débẹ̀, á máa hó, oru rẹ̀ á máa lọ. Nínú ìkòkò préṣọ̀, oru tó há sínú ń tẹ omi mọ́lẹ̀ títí tó fi lè gbóná tó nǹkan bí 120 láìtíì hó. Bí ẹ bá wá fipá ṣí i, ohun tó tẹ omi mọ́lẹ̀ ti lọ, omi náà á sì hó rú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èyí tó máa di oru kò tó ìdá kan nínú 20. Ṣùgbọ́n ààyè tí oru ń gbà fi nǹkan bí ìlọ́po 1,600 ju ti omi lọ. Nínú omi lítà 2, oru tó lé ní lítà 100 lè tú jáde, pẹ̀lú ẹ̀wà gbígbóná, sójú ẹni tó ṣí i. Ohun kan náà ló ń mú kí báìlà, àgbá ńlá tí wọ́n fi ń se omi di oru, tó bẹ́ nílé iṣẹ́ wó ògiri.

Ìyá kan tí a jọ gbé inú ilé kan ń kánjú kí àwọn ọmọ lè jẹun lọ síléèwé. Ó fi ọmọ odó lu ọwọ́ ìdérí kó lè yí. Ìdérí fò lọ kan àjà, ẹ̀wà bo apá àti àyà rẹ̀. Ni àwọn èèyàn bá ń sáré gbé epo pupa àti ọṣẹ ìfọyín bọ̀. Ẹ má fi nǹkan kan pa ibi tó bó. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ gbé e sínú ọpọ́n omi tútù tí kò dé etí ìdérí. Ẹ má jẹ́ kí omi kan ihò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣíbí onígi tó gùn gbé irin orí ìdérí díẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣe ṣìì, ẹ dá a padà, ẹ tún fún un ní ìṣẹ́jú 5. Bó bá ti dákẹ́, ẹ yí ọwọ́ ìdérí. Bó bá le, ẹ má pe ẹnikẹ́ni kó wá bá yín fà á: oru ṣì wà níbẹ̀ tó ń tì í. Ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi yí wọ́ọ́rọ́. Apá tó kọjú sí ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sókè, kí ìdérí lè wà láàárín ojú yín àti oru.

Ẹ wá fi iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà sí i, kí ẹ má dé e mọ́.